Gígun Kẹ̀kẹ́ Gba Ọ̀nà Lewis àti Clark

Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ Lewis àti Clark ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní Hartford, ìpínlẹ̀ Illinois, nítòsí ibi tí odò Missouri ti dà pọ̀ mọ́ Mississippi, ó sì parí sí etí òkun Pasífíìkì ní Oregon. Ó lé ní 3,000 máìlì. Ẹni tó bá ń gun 50 máìlì lójúmọ́ yóò lo oṣù méjì gbáko.

Ààrẹ Thomas Jefferson ló rán Meriwether Lewis àti William Clark pé kí wọ́n tọ odò Missouri lọ sí ìwọ̀-oòrùn, kí wọ́n wò ó bóyá omi lè gbé ènìyàn dé òkun. Wọ́n gbéra ní oṣù Karùn-ún 1804, wọ́n dé òkun ní oṣù Kọkànlá 1805, wọ́n sì padà sí St. Louis ní oṣù Kẹsàn-án 1806. York, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ẹrú Clark, wà láàárín wọn. Ó ṣiṣẹ́, ó dọdẹ, ó ru ẹrù bíi tàwọn yòókù. Nígbà tí wọ́n dé, ìjọba fún àwọn ọkùnrin yòókù lówó àti ilẹ̀. York kò rí kọ́bọ̀ gbà, ẹrú Clark ló sì ṣì jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìtàn ọ̀nà yìí tí kò bá dárúkọ rẹ̀ kò tíì pé.

Ìpínlẹ̀ Missouri ló rọrùn jù. Wọ́n hú irin rélùwéè àtijọ́ kan níbẹ̀, wọ́n tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ sójú rẹ̀, ó di Katy Trail, tó gùn tó nǹkan bí 240 máìlì. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í gba ibẹ̀, òkè rẹ̀ kò sì ga, torí pé ọkọ̀ ojú irin kì í lè pọ́n òkè gíga. Títí dé Boonville, odò ni agunkẹ̀kẹ́ ń bá rìn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni pápá tó lọ salalu, tí afẹ́fẹ́ sábà máa ń ti ìwọ̀-oòrùn fẹ́ síni lójú. Nítòsí Washburn, North Dakota, ni ẹgbẹ́ Lewis àti Clark ti fi àgbàdo àwọn ẹ̀yà Mandan la ìgbà òtútù já. Ibẹ̀ ni Sacagawea, ọmọbìnrin ẹ̀yà Shoshone, ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Ọmọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù méjì nígbà tí wọ́n gbéra. Ó pọ̀n ọ́n lọ dé etí òkun, ó sì pọ̀n ọ́n bọ̀.

Ní Great Falls, Montana, omi ya lulẹ̀ láti orí àpáta níbi márùn-ún, ọkọ̀ ojú omi ẹgbẹ́ náà kò lè kọjá. Wọ́n gé igi cottonwood róbótó, wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi wọ́ ọkọ̀ àti ẹrù lórí ilẹ̀ fún 18 máìlì, tí ẹ̀gún ń gún wọn lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ náà gbà tó oṣù kan. Lónìí, agunkẹ̀kẹ́ lè gun iye máìlì yẹn ní wákàtí méjì.

Ìlú Missoula, Montana, ni Adventure Cycling Association, ẹgbẹ́ tó ya máàpù ọ̀nà yìí, fi ṣe ibùjókòó. Ibẹ̀ náà ni 20 ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú ti 25th Infantry ti gun kẹ̀kẹ́ jáde ní oṣù Kẹfà 1897, tí ọ̀gá wọn òyìnbó, James Moss, ṣíwájú. Iléeṣẹ́ ológun fẹ́ mọ̀ bóyá kẹ̀kẹ́ lè rọ́pò ẹṣin. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà, kẹ̀kẹ́ wọn kò ní jíà tó ń mú òkè rọrùn, síbẹ̀ wọ́n la ẹrẹ̀ àti oòrùn kọjá fún 1,900 máìlì, wọ́n sì wọ St. Louis láàárín ọjọ́ 41. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ ní Montana mọ̀ nípa wọn.

Lolo Pass, tó ga ní 5,233 ẹsẹ̀ bàtà, ló tẹ̀ lé e. Ní 1805, yìnyín ká ẹgbẹ́ Lewis àti Clark mọ́ orí òkè Bitterroot, wọ́n pa ọmọ ẹṣin wọn jẹ. Àwọn ẹ̀yà Nez Perce ló fi ẹja salmon àti gbòǹgbò camas bọ́ wọn nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà àwọn Nez Perce gan-an ni wọ́n gbà. Ibẹ̀ ni àwọn yẹn ń gbà lọ dọdẹ ẹfọ̀n tipẹ́tipẹ́. Lónìí, títì Highway 12 sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Lochsa, ṣùgbọ́n ilé ìtajà ṣọ̀wọ́n, nítorí náà oúnjẹ àti túùbù gbọ́dọ̀ wà nínú àpò. Oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án ló dára jù fún apá yìí, torí yìnyín.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Columbia, afẹ́fẹ́ ìgbà ooru tún ń ti òkun bọ̀. Nítòsí Astoria ni Fort Clatsop, ibi tí ẹgbẹ́ náà ti lo ìgbà òtútù kejì. Kí wọ́n tó pinnu, wọ́n bi olúkúlùkù léèrè ibi tó wù ú; ohun tí York sọ wà nínú àkọsílẹ̀, ti Sacagawea náà wà níbẹ̀. Ní ibi tí Seaside wà lónìí, wọ́n se omi òkun títí ó fi di iyọ̀, wọ́n jẹ nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé ìyókù dání fún ìrìn-àjò ìpadàbọ̀.