Ẹ̀ṣọ́ Ilé Tí Kò Ní Wáyà

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà! Bí a bá wà ní Ìtòkú, ta ló ń ṣọ́lé wa?

Ní 1830, abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí. Lónìí, ẹ̀rọ aláìníwáyà wà tó ń fi ooru ara mọ̀ pé èèyàn ń rìn, á sì figbe ta. Ẹ gbé e kọ́ ògiri ìta, bí ẹsẹ̀ bàtà 7, níbi tí olè yóò ti gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ẹ má kọjú rẹ̀ sí oòrùn, kó má baà ké lásán. Bátìrì ló ń lò. Ẹ máa dán an wò lóṣooṣù.

Kí aládùúgbò mọ igbe rẹ̀ o: igbe tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, olè kì í sá fún un.