Omi Inú Bátìrì: Ohun Tí Karawun Akàn Lè Ṣe

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń fi owó ẹ̀yáwó ra ẹ̀rọ iná oòrùn ni ọ̀rọ̀ bátìrì ti di ọ̀rọ̀ gbogbo wa. Bí bátìrì bá kú, omi inú rẹ̀ ńkọ́? Ásíìdì ni omi bátìrì olójé. Ó ń jó aṣọ, ó ń jó awọ ara, bí a bá sì dà á sí gọ́tà, ó ń gbé májèlé òjé wọ ilẹ̀. Òjé yìí a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Ọ̀pọ̀ bátìrì ni kò sì lè ṣe kí ó má ní irú omi bẹ́ẹ̀. Ohun oríṣi méjì ni ó wà nínú rẹ̀, omi yìí ni afárá tí ó wà láàrin wọn. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ó jẹ́ olóró. Ẹ gún ìṣó tí a fi síǹkì bò àti wáyà bàbà sínú ọsàn wẹ́wẹ́, iná yóò jáde, bí kò tilẹ̀ tó tan gílóòbù.

Ní 2022, Liangbing Hu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Maryland, ní Amẹ́ríkà, lo chitosan, ohun tí a máa ń rí yọ lára karawun akàn àti edé. Wọ́n ṣe é kí ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, wọ́n sì fi í sáàrin bátìrì síǹkì. Àléébù síǹkì ni pé, bí a ti ń gba iná sí i léraléra, a máa hu ẹ̀gún tín-ín-rín tí ó lè gún bátìrì láti inú. Chitosan mú kí síǹkì náà máa tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n gba iná sí i, wọ́n lò ó tán, nígbà 1,000. Nínú ìwọ̀n iná 100 tí wọ́n fi sí i, 99.7 ni ó ń padà. Kì í tètè gbiná. Nínú ilẹ̀, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí jẹ chitosan náà tán láàrin oṣù 5. Síǹkì ni ó kù, a sì lè tún un lò.

Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ yín o! Iṣẹ́ ilé ìwádìí ni a ń sọ. Ẹ̀yin alákàn àti elédé, ẹ ní sùúrù ná.

Bátìrì olójé ni ó ṣì wà nílé wa. Bí ó bá kú, ẹ má da omi rẹ̀ nù, ẹ má tú u, ẹ má sì tà á fún àwọn tí ń yọ́ òjé lẹ́yìn ilé. Ẹ dé e dáadáa, ẹ gbé e dúró lóòró, kí ẹ dá a padà fún ẹni tí ó tà á fún yín.