Ariwo Kì í Ṣe Agbára

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Ìgòlò, a wà nínú kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Kíláàsì náà wà lẹ́bàá ọ̀nà ńlá tó ti Àjàṣẹ́ wá, tó sì kọjá lọ sí Ìdí-Ìrókò ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ìyá kan ń ka gbólóhùn kan sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Kó tó parí rẹ̀, alùpùpù kan kọjá pẹ̀lú ariwo tó gba gbogbo yàrá. Ìyá náà dákẹ́. Nígbà tí ariwo náà rọlẹ̀, kò rí ibi tó kà dé mọ́.

Ẹni tó gun alùpùpù náà kì í ṣe àjèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ni, ó ń ṣiṣẹ́ zémìjàn, ó sì pẹ́ dé. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má bínú. Mo ní kí wọ́n ṣí sàlẹ́ńsà rẹ̀ kó lè máa sáré ni."

Ìyá náà bi í pé: "Ọmọ mi, ṣé ó wá ń sáré báyìí?"

Ó ní: "Ìyá, ó ń dún bí ohun tó ń sáré."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí díẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ṣe irú rẹ̀ sí alùpùpù tí mo fi ń lọ sí àwọn kíláàsì wa. Kò pẹ́ tí fáàfù ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi jó. Owó tí mo fi tún un ṣe ju owó oúnjẹ oṣù kan lọ ní ilé mi.

Ìbéèrè ìyá yẹn ni a fẹ́ dáhùn lónìí. Bí a bá gé sàlẹ́ńsà, tàbí tí a lu ihò sí i, ṣé agbára alùpùpù ń pọ̀ sí i lóòótọ́?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì

Ní ọdún 1876, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Nikolaus Otto ṣe ẹ́ńjìnnì onígbésẹ̀ 4. Òun ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní "quatre temps". Ní ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní, ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ àti epo sínú. Ní ìgbésẹ̀ kejì, písítìn ń fún wọn pọ̀. Ní ìgbésẹ̀ kẹta, iná búzì ń jó wọn, agbára sì ń jáde. Ní ìgbésẹ̀ kẹrin, písítìn ń ti èéfín jáde.

Èéfín náà ń jáde pẹ̀lú ipá àti ooru ńlá. Ìró rẹ̀ dà bí ìró ìbọn. Nítorí náà, ní ọdún 1897, àwọn Reeves, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀rí ìjọba fún ohun èlò tó ń dín ariwo yìí kù. Ohun náà ni sàlẹ́ńsà. Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ ní èdè Faransé ń pè é ní "échappement".

Sàlẹ́ńsà kì í ṣe páìpù òfìfo. Yàrá kéékèèké wà nínú rẹ̀, àti páìpù tí a lu ihò wẹ́wẹ́ sí lára. Nígbà tí ìró bá wọlé, á kọlu ògiri, á padà, á pàdé ìró mìíràn tó ń bọ̀. Àwọn ìró wọ̀nyí á sì pa ara wọn lẹ́nu mọ́.

Ohun tí àwọn eléré ìje mọ̀

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ pé àwọn tó ń fi alùpùpù díje kì í lo sàlẹ́ńsà lásán. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe kì í ṣe kí wọ́n kàn gé e sọnù.

Ní àwọn ọdún tó ṣáájú 1961, ọ̀gbẹ́ni Walter Kaaden ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ MZ ní Ìlà-Oòrùn Jámánì. Ẹ́ńjìnnì onígbésẹ̀ 2 ni ó ń tún ṣe, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù Yamaha tí àwọn zémìjàn wa ń gùn tẹ́lẹ̀, tí a ń da òróró mọ́ epo rẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, díẹ̀ nínú epo tuntun máa ń bá èéfín jáde láìjó. Kaaden ṣe páìpù kan tó fẹ̀ ní àárín, tó sì tín-ín-rín ní ìparí. Ìró tó bá dé ìparí páìpù náà á padà, á sì ti epo tó fẹ́ sá lọ padà sínú ẹ́ńjìnnì. Ní ọdún 1961, ọ̀kan nínú àwọn agùnlùpùpù rẹ̀, Ernst Degner, sá kúrò ní orílẹ̀-èdè náà, ó sì gbé ìmọ̀ yìí lọ fún ilé iṣẹ́ Suzuki ní Japan. Ní ọdún 1962, ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo ìtàn yìí dáadáa. Páìpù ló fi agbára kún ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, ẹni tó bá gé páìpù ẹ́ńjìnnì onígbésẹ̀ 2 lè gé agbára rẹ̀ sọnù. Bákan náà, irú páìpù ìje bẹ́ẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ dáadáa àfi tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí kíkan-kíkan. Eléré ìje kì í dúró gbé èrò. Zémìjàn ní Ìgòlò ń dúró, ó ń gbéra, ó tún ń dúró, láti òwúrọ̀ títí di alẹ́.

Ìṣirò agbára àti epo

Lónìí, ọ̀pọ̀ alùpùpù wa jẹ́ onígbésẹ̀ 4. Ẹ jẹ́ ká mú Bajaj Boxer 100. Agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó nǹkan bí agbára ẹṣin 8. Ká tilẹ̀ gbà pé ṣíṣí sàlẹ́ńsà fi ìdá kan nínú 10 kún un. Ẹ pín 8 sí ọ̀nà 10: ó jẹ́ 0,8. Kò tó agbára ẹṣin 1. Ẹni tó gbé èrò méjì àti àpò àgbàdo kan kò ní mọ̀ ọ́n lára.

Ohun tí yóò mọ̀ lára ni ìnáwó. Àwọn tó ṣe alùpùpù ti wọn afẹ́fẹ́ àti epo tó yẹ kó pàdé nínú ẹ́ńjìnnì. Bí a bá ṣí sàlẹ́ńsà, afẹ́fẹ́ lè pọ̀ ju epo lọ. Ẹ́ńjìnnì á gbóná ju bó ti yẹ lọ, fáàfù tàbí písítìn á sì jó. Bí mẹkáníìkì bá fẹ́ tún un ṣe, á fi "gicleur" tí ihò rẹ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú kábúrétọ̀, epo tó ń wọlé á sì pọ̀ sí i. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ló wà, kò sì sí èyí tó dára níbẹ̀: kí ẹ́ńjìnnì jó, tàbí kí epo tán kíákíá.

Nígbà kan, epo kpayo pọ̀ lọ́dọ̀ wa, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà fòpin sí owó ìrànwọ́ tó ń san lórí epo. Láti ìgbà náà ni kpayo ti gbówó lérí. Ẹni tó bá ń fi epo ṣòfò lónìí, owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ló ń jó.

Etí wa àti ẹ̀mí wa

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé etí lè gba ariwo tó tó 80 désíbẹ̀lì fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bí ariwo bá dé 90, wákàtí 4 péré ni lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń gun alùpùpù aláriwo láti òwúrọ̀ dé alẹ́ ń kọjá ààlà yìí. Etí tó bá ti kú, kò sí mẹkáníìkì tó lè tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá gé sàlẹ́ńsà lábẹ́ ọkọ̀, èéfín lè wọ inú ibi tí èrò jókòó sí. Májèlé kan wà nínú èéfín náà tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ó lè pa èèyàn lójú oorun. Àwọn baba wa sọ pé bí a bá ń gé igi nígbó, ká fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni kó rí kí a tó gé irin lára ọkọ̀.

Ohun tó ń fi agbára kún un lóòótọ́

Àkọ́kọ́, ẹ máa nu asẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ má sì yọ ọ́ sọnù. Eruku pupa ojú ọ̀nà wa ń ha písítìn bí yanrìn ṣe ń ha abọ́.

Èkejì, ẹ máa yẹ búzì wò, èyí tí àwọn ará Ìdí-Ìrókò ń pè ní púlọ́ọ̀gì. Bí ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ ilẹ̀, ó dára. Bí ó bá dúdú bí èédú, epo ti pọ̀ jù. Bí ó bá funfun, ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù.

Ẹ̀kẹta, ẹ máa pààrọ̀ òróró ẹ́ńjìnnì ní àkókò tí ìwé alùpùpù sọ, kí ẹ sì máa wo ṣéènì àti afẹ́fẹ́ táyà.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹrù yín bá wúwo, ẹ ka eyín irin tí ṣéènì ń yí lé lórí. Ti iwájú kéré, ti ẹ̀yìn tóbi. Ká sọ pé ti iwájú ní eyín 14, ti ẹ̀yìn sì ní 42. Bí ẹ bá fi eyín 13 sí iwájú, alùpùpù á máa fa ẹrù dáadáa jù. Eré rẹ̀ á dín kù díẹ̀: níbi tó ti ń sá kìlómítà 70 ní wákàtí kan, á máa sá 65. Ìyẹn ni àtúnṣe gidi, kò sì pariwo.

Mo kọ nọ́ńbà wọ̀nyí sójú pátákó ní kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ wa, zémìjàn yẹn, kọ wọ́n sínú ìwé rẹ̀, ó sì lọ ka eyín alùpùpù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá wa tún ń kàwé sókè. Ó ka gbólóhùn rẹ̀ parí. Ìgbà tí a gbọ́ "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá" lẹ́nu ọ̀nà ni a tó mọ̀ pé ọmọkùnrin náà ti dé.