Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ìṣèlú ní Yunifásítì àti Àwọn Iṣẹ́ tí Ó Wà Níbẹ̀

(Àròkọ Aṣàlàyé)

Ìlapa èrò:
(a) Ìfáárà: ohun tí àwọn ènìyàn rò nípa ẹ̀kọ́ yìí
(b) Ohun tí ó jẹ́ gan-an
(d) Àpẹẹrẹ láti ilẹ̀ Okun
(e) Bí a ṣe ń wọlé àti ohun tí wọ́n ń kọ́ni
(ẹ) Àwọn iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀
(f) Ìkìlọ̀
(g) Ìkádìí

Ní àkókò tí mo ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ Government ní ìlú Kàbà, baba kan wá bá mi nílé ní ọjọ́ Sátidé kan. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní kíláàsì àṣekágbá. Ó ní, "Tíṣà, ọmọ yín yìí ní ìmọ̀ ìṣèlú ni òun fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì. Mo ta iṣu, mo ta kaṣú, kí ó lè di lọ́yà tàbí dókítà. Ṣé ẹ wá fẹ́ kí n fi owó náà rán an lọ kọ́ bí a ti í jí àpótí ìbò gbé ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Owó oko ọdún púpọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀, àti ọjọ́ iwájú ọmọ kan. Bóyá ìwọ tí o ń ka ìwé yìí náà wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ẹ̀kọ́ yìí jẹ́, ohun tí kò jẹ́, àti ibi tí ó lè gbé ọ dé.

Ìmọ̀ ìṣèlú ni ẹ̀kọ́ nípa agbára láàárín àwùjọ: ta ni ó ní i, báwo ni ó ṣe rí i gbà, kí ni ó ń fi í ṣe, kí sì ni ó lè dá a dúró bí ó bá ń ṣì í lò. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ bí a ti í dupò. Ẹni tí ó mọ̀ nípa àrùn kì í ṣe aláìsàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó mọ̀ nípa ìṣèlú kì í ṣe olóṣèlú dandan. Ọ̀pọ̀ olóṣèlú ni kò kọ́ ọ rí, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó kọ́ ọ ni kò sì dupò kankan rí.

Bí o bá fẹ́ àpẹẹrẹ, má ṣe lọ jìnnà. Ní Kàbà, a ní Ọbaro, a ní Ọbadọfin, a sì ní Ọbajẹmu. Báwo ni agbára ṣe pín láàárín wọn ní ayé àtijọ́? Kí ni ó yí padà nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé? Èéṣe tí àwa Owé, Búnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀, tí a ń sọ èdè Yorùbá, fi bá ara wa lábẹ́ ìjọba Àríwá, tí a wà ní Kwara láti ọdún 1967, tí a sì bá ara wa ní Kogi ní ọdún 1991? Ẹni tí ó fa ààlà wọ̀nyí ní ìdí tí ó fi fà á. Ìmọ̀ ìṣèlú ni ó ń wá ìdí náà.

Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa jù lọ ni ti ìdìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Kogi ní ọjọ́ 21, oṣù kọkànlá, ọdún 2015. Abubakar Audu ni ẹgbẹ́ APC fà kalẹ̀. James Faleke, ọmọ Ẹ̀kìnrìn-Àdè ní Ìjùmú, sì ni igbákejì rẹ̀. Audu fi ìbò 41,353 ṣíwájú Idris Wada ti ẹgbẹ́ PDP. Ṣùgbọ́n INEC, àjọ elétò ìdìbò, ní ìdìbò náà kò tíì parí, nítorí pé a ti fagi lé ìbò ní ibùdó 91, àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ sì jẹ́ 49,953, iye tí ó ju ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì lọ. Ní ọjọ́ kejì ìdìbò gan-an ni Audu kú. Ta ni ipò wá tọ́ sí? Òfin orílẹ̀-èdè sọ pé bí ẹni tí a yàn ní gómìnà bá kú kí ó tó búra, igbákejì rẹ̀ ni kí ó búra gba ipò. Ṣùgbọ́n ṣé a ti yan ẹni tí INEC kò tíì kéde? Ẹgbẹ́ APC fi Yahaya Bello, tí ó ṣe ipò kejì nínú ìdìbò abẹ́lé wọn, rọ́pò Audu. Faleke gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dá Bello láre.

Ní ilẹ̀ Okun, ọ̀rọ̀ náà dun ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí pé láti ìgbà tí a ti dá Kogi sílẹ̀ títí di àkókò tí mo ń kọ̀wé yìí, a kò tíì dìbò yan ọmọ Okun kankan sí ipò gómìnà. Àwọn kan sunkún, àwọn kan sì ṣépè. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣèlú lè sunkún pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà yóò béèrè pé: Kí ni òfin sọ? Kí ni òfin kò sọ? Báwo ni ẹgbẹ́ òṣèlú ṣe ń yan olùdíje? Báwo ni ìlà-oòrùn, àárín gbùngbùn àti ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ kan ṣe lè pín agbára tí kò fi ní í di ìjà? Ìbéèrè irú èyí ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí a ṣe ń wọlé. Ìwọ yóò ní láti yege dáadáa nínú ẹ̀kọ́ márùn-ún ní ìdánwò WAEC tàbí NECO, kí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú wọn, pẹ̀lú Government tàbí Ìtàn. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò JAMB. Ka ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB fúnra rẹ kí o tó yan ẹ̀kọ́, nítorí pé ohun tí yunifásítì kan gbà lè yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí wà ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́ja, ó wà ní Ányígbà, ní Ìlọrin, ní Zaria àti ní Ìbàdàn. Ọdún mẹ́rin ni a ń lò. A ó kọ́ ọ ní èrò àwọn àgbà ọlọ́gbọ́n bí Plato àti Aristotle, ètò ìjọba Nàìjíríà, àjọṣe láàárín orílẹ̀-èdè, ìṣàkóso iṣẹ́ ìjọba, àti bí a ti í ṣe ìwádìí. Ní ọdún tí ó kẹ́yìn, ìwọ fúnra rẹ yóò ṣe ìwádìí kan, ìwọ yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìwé.

Ní ti iṣẹ́, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èkíní ni iṣẹ́ ìjọba, láti ìjọba ìbílẹ̀ títí dé Abùjá. Èkejì ni iṣẹ́ aṣojú ìjọba ní òkè òkun. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ibrahim Gambari, ọmọ Ìlọrin, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974. Ó di mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní ọdún 1984, ó sì ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti ọdún 1990 sí 1999. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí náà jẹ́ onímọ̀ ìṣèlú. Nígbà tí ó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni a dá ètò kan sílẹ̀ ní ọdún 1987, èyí tí ó ń rán àwọn dókítà, olùkọ́ àti onímọ̀ mìíràn láti Nàìjíríà lọ ran orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta ni ètò ìdìbò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Attahiru Jega, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣèlú ní Yunifásítì Bayero ní Kano, ni alága INEC láti ọdún 2010 sí 2015. Lábẹ́ rẹ̀ ni ààrẹ tí ó wà lórí oyè ti kọ́kọ́ fìdí rẹmi nínú ìdìbò ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé onímọ̀ ìṣèlú nìkan ni ó lè dé ipò yìí: Ọ̀jọ̀gbọ́n Joash Amupitan, ọmọ Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ ní Ìjùmú, tí a yàn sí ipò náà ní ọdún 2025, amòfin ni. Yàtọ̀ sí wọ̀nyí, iṣẹ́ ìròyìn wà, iṣẹ́ ìwádìí wà, iṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn aṣòfin wà. Iṣẹ́ olùkọ́ náà wà, bí o bá fi ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ kún un. Bí o bá sì fẹ́ di lọ́yà lẹ́yìn náà, o lè padà lọ kọ́ òfin.

Síbẹ̀, n kò ní tàn ọ́ jẹ. Kò sí iṣẹ́ kan pàtó tí ó ń dúró de ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, bí ilé ìwòsàn ti ń dúró de dókítà. Ọmọ baba tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ kọ́ ọ, ó sì yege. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán, ọdún méjì ni ó fi jókòó sílé. Ibi gbogbo tí ó kọ̀wé sí ni wọ́n ti ń bi í pé, "Kí ni o lè ṣe?" Ìwé-ẹ̀rí nìkan ni ó rí fi hàn. Ó wá lọ kọ́ kọ̀ǹpútà àti bí a ti í fi í ṣe ìṣirò, ó sì ń bá àwọn olùwádìí kiri abúlé. Láti ibẹ̀ ni àjọ kan tí ó ń tọpa ìnáwó ìjọba ti gbà á síṣẹ́. Lónìí, òun ni ó ń sanwó ilé-ìwé àbúrò rẹ̀. Ó sọ fún mi pé, "Tíṣà, ká ní mo ti kọ́ nǹkan wọ̀nyí ní ọdún kejì mi, n kì bá tí jókòó sílé." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ni èmi ní, n kò lọ sí yunifásítì; ní ọjọ́ Sátidé yẹn, ohun tí mo sọ fún baba rẹ̀ kò ju pé ẹ̀kọ́ náà dára. Ohun tí n kò sọ fún un ni mo ń sọ fún ọ yìí.

Ní ìparí, bí o bá fẹ́ràn láti mọ ìdí tí nǹkan fi rí bí ó ti rí ní ìlú rẹ, kọ́ ìmọ̀ ìṣèlú, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún kìíní ni kí o ti fi nǹkan mìíràn kún un: ìṣirò àti kọ̀ǹpútà fún ìwádìí, èdè Faransé, nítorí pé òun ni àwọn ará Benin àti Tógò tí ó wà nítòsí wa fi ń ṣe ìjọba, àti ọgbọ́n àtikọ ìròyìn tí ó yéni. Ọdún tí o bá fi sin ilẹ̀ baba rẹ, má ṣe fi sùn. À-wí-fún-ni kó tó dá-ni, àgbà ìjàkadì ni.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Yan ẹ̀kọ́ kan tí o fẹ́ kọ́ ní yunifásítì. Kọ àròkọ aṣàlàyé lórí rẹ̀ fún òbí tí kò fara mọ́ ọn. Sọ ìtumọ̀ rẹ̀, mú àpẹẹrẹ wá láti ìlú rẹ, má sì ṣe fi ìṣòro rẹ̀ pa mọ́.