Àfòpiná Funfun Inú Oko Ẹ̀gúsí



Àfòpiná kékeré kan wà tó máa ń fò nínú oko ẹ̀gúsí lálẹ́. Ẹ wo ìyẹ́ rẹ̀ dáadáa. Àárín rẹ̀ funfun, ó sì fẹ́lẹ́. Etí rẹ̀ dúdú, bí aṣọ funfun tí a fi aṣọ dúdú ṣe ìgbátí sí. Irun ṣùjọ sí ìdí rẹ̀ bí ìrùkẹ̀rẹ̀.

Àfòpiná yìí kì í jẹ ewé. Ọmọ rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Abẹ́ ewé ẹ̀gúsí, apálá àti ẹlẹ́gẹ̀dẹ́ ló ń yé ẹyin sí. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹyin á pa. Kòkòrò tó bá jáde á ní àwọ̀ ewé, pẹ̀lú ìlà funfun 2 ní ẹ̀yìn. Á fi òwú ẹnu rẹ̀ so ewé pọ̀, á sá pamọ́ sínú rẹ̀, á máa jẹ ẹ́. Á tún máa jẹ èèpo èso. Èso tó bá dá lu lè jẹrà.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí àfòpiná yìí, ẹ máa yẹ abẹ́ ewé wò láràárọ̀. Èyí tó bá ká jọ, ẹ tú u, kí ẹ pa kòkòrò inú rẹ̀. Ẹni tó bá tètè bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ ni yóò pa. Ẹni tó bá fi falẹ̀, kòkòrò á ti bá a kórè.