WÁÌNÌ PUPA KÌ Í ṢE ẸJẸ̀

Ìyá àgbà kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ó ní ọmọ òun tó lóyún oṣù márùn-ún ń mu wáìnì pupa gíláàsì kan lálaalẹ́, nítorí wọ́n ní ó ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Malbec ni wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Màmá, kí ó jáwọ́ lónìí." Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Èso àjàrà dúdú kan ló ń jẹ́ Malbec. Cahors ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ń gbìn ín láti ìgbà pípẹ́. Ní 1853, ará Faransé kan, Michel Pouget, kó igi àjàrà lọ sí Mendoza ní Ajẹntínà, Malbec sì wà lára wọn. Ibẹ̀ ló gbilẹ̀ sí jù lónìí.

Èèpo èso náà ló fún wáìnì ní àwọ̀ pupa. Èèpo àti kóró rẹ̀ ló sì ní ohun tí wọ́n ń pè ní tánìn, èyí tí ń fún ẹnu pọ̀ bí omi kajú. Tánìn yìí kì í jẹ́ kí ara gba irin inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ dáadáa, bẹ́ẹ̀ irin yẹn ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀! Èyí tó burú jù ni pé ọtí tí ìyá mu ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú rẹ̀, ó sì lè ba ọpọlọ ọmọ náà jẹ́. Kí aboyún má fi ẹnu kàn án rárá.

Ní ti àgbàlagbà tó bá fẹ́ mu ún, kí ó fi oúnjẹ mu ún. Ẹran màlúù sísun ló bá a mu jù, nítorí ẹran àti ọ̀rá ń rọ tánìn lójú. Bí àwọn ará Ajẹntínà ti ń ṣe nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ sùyà, ẹ dín ata rẹ̀ kù, nítorí ọtí ń mú kí ata ta sí i. Ẹja kì í sábà bá a lọ. Ó lè mú kí ẹnu máa rùn bí irin. Nítorí ooru ilé wa, ẹ gbé ìgò náà sínú fìríìjì fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó ṣí i.

Ìgò kan tó jẹ́ mílílítà 750 kún gíláàsì márùn-ún. Gíláàsì kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi mílílítà 20 ọtí pọ́ńbélé nínú. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n ọtí tí kò léwu, nítorí ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ìlera bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Ẹni tó ń lo oògùn, kí ó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀. Ẹni tí yóò wa mọ́tò, kí ó fi í sílẹ̀.

Ìyá àgbà náà mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò tó lóòótọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fún un, kì í ṣe wáìnì. Ẹ rántí o: àṣejù ni baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n fún aboyún, díẹ̀ pàápàá ti pọ̀ jù.