Abẹ́rẹ́, Tẹ̀tẹ̀ àti Aró: Ọ̀nà Kan Ò Wọjà!

Ẹ gbọ́ ti ìyá aránṣọ kan tí mo bá l'Ábẹ́òkúta.

Nígbà tí aṣọ tí wọ́n ti rán tán láti òkè òkun gba ojú ọjà, oníbàárà ìyá yìí fà sẹ́yìn. Owó ilé ìwé ọmọ sì wà nílẹ̀. Kí ló ṣe? Ó gbin tẹ̀tẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ó ti tó jẹ. Kì í fà á tu, ó ń gé e ni, kó lè tún rúwé.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó ń kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ n'Ítòkú. Wọ́n á fi láfún se ẹ̀kọ, wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ yà á sára aṣọ funfun. Tó bá gbẹ, ó di inú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní wọbẹ̀.

Aṣọ tó kọ́kọ́ ṣe bàjẹ́, torí kò jẹ́ kí ẹ̀kọ gbẹ! "Àbúrò, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ọmọ tó ń kọ́ mi, mo lè bí i lọ́mọ!" Ṣùgbọ́n ó padà lọ. Báyìí, àdìrẹ tó ṣe fúnra ẹ̀ ló fi ń rán bùbá tà.

Mo ní, "Màmá, ìgbà wo lẹ ń sinmi?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìdí tẹ̀tẹ̀ mi ni. Ibẹ̀ ni ò ti sẹ́ni tó ń bi mí pé aṣọ òun dà."

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ kọ̀wé sí wa.